Ohun tí Bàbá Mi Gé Kúrò

Ọjọ́ Sátidé ni ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wa pé iná tuntun yóò wọ Jákáńdè lọ́jọ́ Fúráìdé.

Ọlọ́kadà tí alága ẹ̀sìtéètì rán sí wa ló mú un wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkàtẹ́, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Àná ni wọ́n rán mi. Àwọn tó ń fẹ títì ti gbẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo bá yí padà sílé."

"Kí ni wọ́n ní kó o sọ?" ni ẹ̀gbọ́n mi Kàmál bi í.

"Alága ní kí ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ yín. Àwọn oníná ní iná tiransifọ́mà tuntun yìí máa pé, kò ní dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n má ṣe tan nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Bọ̀dá Kàmál bú sẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ tó máa mọ́ yìí, ṣé ti òní ni àbí ti ọdún tó ń bọ̀?"

Ọlọ́kadà náà kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ilé Àǹtí Fàúsátù onídìrí jó lálẹ́ àná. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló jó. Wọ́n ti mú ọmọkùnrin tó ṣe wáyà ilé náà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Mo gbé irin gbígbóná tí a fi ń jó òjé kalẹ̀ sórí tábìlì láì wo ibi tí mo gbé e sí. Òórùn pákó tó ń jó ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ṣì dúró síbẹ̀.

Láti kékeré mi ni Àǹtí Fàúsátù ti ń dirun fún mi. Ìka rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ kò sì lọ́ra. Tó bá ń di ṣùkú síni lórí, èèyàn á kàn máa gbọ́ ìtàn gbogbo ilé tó wà ní Jákáńdè, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lé jáde, títí irun á fi tán tí onírun á sì fẹ́ kó tú u kó tún un dì. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n ní ó jó.

Tẹlifíṣọ̀n bàbá wa sì ló wà nílé rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n bàbá wa ló wà ní ilé gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí àwọn ẹbí wa ní Ìkàtẹ́ ń ta ilẹ̀, tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ kọ́ ilé tí wọn yóò máa gbowó lórí rẹ̀, bàbá wa, Tájù Àjàlá, ta ìpín tirẹ̀, ó sì fi ra tẹlifíṣọ̀n tó ti kú láti òkè òkun. Odindi ọkọ̀ àjàgbé kan. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí. Ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọ àwọn ilé Jákáńdè. Wọ́n rí ilé gbé, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí wọn yóò máa wò nínú rẹ̀. Bàbá mọ̀ pé wọn kò lówó tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ó jókòó, ó ń wá bí òun yóò ṣe ṣe èyí tí agbára wọn ká.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Á ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, á tan án, á wá máa fi pínsà gé àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi ni mo máa ń jókòó síwájú. Kò tíì sí eyín iwájú lẹ́nu mi nígbà tó ti fi mí síbẹ̀.

"Màríámù, ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, Bàbá."

Á tún gé òmíràn. "Ó ńkọ́ báyìí?"

"Ó ṣì ń sọ̀rọ̀."

Títí àwòrán á fi parẹ́, tí ohùn á sì dákẹ́. Ìgbà yẹn ni yóò jó èyí tó gé kẹ́yìn padà sáyè rẹ̀. Á ní, "Èyí ní iṣẹ́. Àwọn tó kù ń jẹun lásán ni." Inú tẹlifíṣọ̀n òyìnbó kún bí ọjà ọjọ́ ọdún. Inú ti Bàbá dà bí yàrá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju owó pọ́ọ́kú rẹ̀ lọ ni iná. Iná ọ̀dọ̀ wa kì í pé. Gílóòbù ilé wa kò mọ́ ju ọsàn pípọ́n lọ rí. Tẹlifíṣọ̀n olówó ńlá á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì nínú iná aláàbọ̀ bẹ́ẹ̀, á kú. Ti Bàbá nìkan ni kì í kú. Ó ti tún un ṣe kó lè máa fa ìwọ̀nba iná tó bá rí. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn kò pè é ní tẹlifíṣọ̀n mọ́. Wọ́n á ní, "Tan Tájù kí a gbọ́ ìròyìn." "Tájù mi ti ń fọ́jú díẹ̀díẹ̀, mo fẹ́ gbé e wá kí ẹ wò ó."

Nínú ohun tó máa ń kọ́kọ́ gé ni fíúsì wà, tó máa ń fi wáyà lásán dí àyè rẹ̀, àti nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan aláwọ̀ búlúù, tó rí bíi bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Bọ́tìnnì la ń pè é. Tó bá gé bọ́tìnnì, kò sí ohun tó ń yí padà rárá. Àwòrán kò ní gbọ̀n, ohùn kò ní rẹlẹ̀. Wọ́n kún garawa kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti Bọ̀dá Kàmál fi wọ́n ta ayò lọ́mọdé. Mo rán márùn-ún mọ́ àyà aṣọ ọmọláńgidi mi.

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Bọ̀dá Kàmál fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí ilé tuntun ti ń hù bí olú. Wọ́n ti ya ojú Bàbá sára pátákó tí wọn yóò gbé kọ́ sókè ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Jákáńdè lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé náà. Mo bá Àǹtí Fàúsátù ní pálọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá. Ó rí mi, ó na ọwọ́ sókè.

"Wò mí bí akànṣẹ́, Màríámù. Ta ni kí n lù?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"Dákẹ́ ẹkún, jàre. Ṣé irun orí rẹ lò ń sunkún lé lórí? Màá fi ẹsẹ̀ dì í."

Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n tan iná, gbogbo búlọ́ọ̀kù hó yèè. Iná mọ́ débi pé mo rí ìdọ̀tí tí mi ò rí láti ọjọ́ tí mo ti kó dé ibí. Mo ní kí n tan Tájù. Màríámù, ó mọ́! Mi ò rí i kó mọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Funfun báláú. Mo pe gbogbo ilé, mo ní ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Tájù, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n lọ. Èmi bọ́ sí kíṣìnì."

"Ẹ ò gbóòórùn nǹkan kan?"

"Ẹja ni mò ń dín, òórùn wo ni mo fẹ́ gbọ́? Mò ń gbọ́ ohùn obìnrin tó ń ka ìròyìn, mo ní kò séwu. Ìgbà tí mo wọlé, kọ́tìnì ti gbiná dé òkè. Obìnrin yẹn ṣì ń ka ìròyìn! Kò tilẹ̀ dánu dúró. Mo bá gbá kọ́tìnì mú." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ Òǹdó yẹn ló fà á. Akínọ̀ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣe wáyà náà, mo gbé oúnjẹ fún un jẹ, mo pè é lọ́mọ mi."

Mo bẹ Àǹtí kó jẹ́ kí n wo inú ilé rẹ̀. Ògiri ti dúdú, ṣùgbọ́n kò dúdú kárí. Ibi tí wáyà Akínọ̀ṣọ́ gbà kọjá, nínú páìpù funfun tó tò mọ́ ògiri, kò dúdú rárá. Páìpù náà mọ́ tónítóní láti òrùlé títí dé nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ilẹ̀. Lára ògiri kejì ni èéfín ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gòkè lọ láti ojú kan. Ojú kan náà ni tábìlì tẹlifíṣọ̀n wà.

Mo dúró. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀. Ọkàn mi sọ ohun kan fún mi, n kò gbà fún un.

Nígbà tí mo ń jáde, mo yà sí yàrá àwọn mẹ́gáàdì tí wọ́n ti Akínọ̀ṣọ́ mọ́. Ojú fèrèsé ni mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti ilé wọn wá ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Lẹ́kí ni. Kò ju mí lọ. Ètè rẹ̀ ti wú níbi tí ẹnì kan ti gbá a.

"Akínọ̀ṣọ́, ṣé ìwọ ni?"

"Wáyà tó nípọn ni mo lò," ó ní. "Mo dì í le. Mo wo gbogbo ojú ìdè lẹ́ẹ̀mejì." Ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti ń ro ó láti àná. Tí gbogbo èèyàn bá ní èmi ni, ó lè jẹ́ pé èmi ni. Ó lè jẹ́ pé ojú ìdè kan wà tí mi ò rántí. Tí alága bá dé lọ́la, màá sọ pé èmi ni, kí wọ́n lè jẹ́ kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí. Ojú tí wọ́n fi wò mí lálẹ́ àná, mi ò lè gbé e lọ sílé."

"Má tíì sọ nǹkan kan."

"Kí nìdí?"

Mo kàn tún un sọ pé kó má tíì sọ nǹkan kan.

Mo sọ fún Bọ̀dá Kàmál pé ó jọ pé ara Tájù ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀, ó bínú. Ó ní èmi ni mo jókòó síwájú Tájù láti kékeré, kí n sọ ọjọ́ kan tí ọ̀kan jó. Kò sí ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Jẹ́ ká lọ dán an wò níbi tí iná ti pé, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a gbé Tájù méjì lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja tó ní ilé yìnyín lẹ́bàá títì. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tóbi bí ọkọ̀. Iná rẹ̀ kì í dín, nítorí ẹja á rà tó bá dín. Nínú èkejì, mo ti jó fíúsì kan àti bọ́tìnnì búlúù kan padà sáyè wọn lálẹ́ Sátidé, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ní iṣẹ́ kan. Èkíní wà bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é.

"Ẹ̀yin ọmọ Tájù," ni ìyá ẹlẹ́ja wí, "ṣé ẹ fẹ́ máa fi sinimá ta ẹja fún mi ni?"

A gbé èkíní sórí àpótí nínú àgbàlá, mo sì jókòó síwájú rẹ̀. Bọ̀dá Kàmál tan án. Ẹgbẹ́ akọrin ilé ìjọsìn kan ló ń kọrin níbẹ̀. Àwòrán náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn obìnrin inú rẹ̀. N kò mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ máa ń hàn nínú Tájù. Ìyá ẹlẹ́ja pàtẹ́wọ́. Bọ̀dá Kàmál yan káàkiri àgbàlá bí ẹni pé òun ló bí àwọn akọrin náà.

"Màríámù," ó ní, ó ń sín ohùn Bàbá jẹ, "ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀."

A kò tíì jókòó pẹ́ nígbà tí òórùn kan dé, bíi ti irun tó kan iná. Lẹ́yìn náà ni èéfín tínrín kan jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń retí kí àwòrán parẹ́. Mo ń retí kí ohùn dákẹ́, bó ṣe máa ń dákẹ́ tí ohun kan bá ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Kò dákẹ́. Iná yọ láti inú ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ó là gàgà sókè, ike rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro sílẹ̀ bí oyin, àwọn akọrin sì ń kọrin lọ. N kò lè dìde. Èmi ni wọ́n fi sípò ẹni tí yóò sọ fún Bàbá nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, gbogbo ohun tí mo sì mọ̀ láti wò ń sọ fún mi pé nǹkan dára.

Ìyá ẹlẹ́ja ló fa wáyà yọ. Ó da àpò tútù tí wọ́n fi ń bo yìnyín lé e lórí, ó ń pariwo pé, "Ẹ fẹ́ sun mí ni? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ sun mí mọ́ ẹja!"

Bọ̀dá Kàmál ní, "Ọ̀kan ló bàjẹ́. Ọ̀kan lè bàjẹ́."

Ìyá ẹlẹ́ja ní kí a gbé sinimá wa kúrò lọ́gbà òun. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì di korobá omi kan mú síwájú mi.

Mo tan èkejì. Ó mọ́ bíi ti àkọ́kọ́, ó kọrin díẹ̀, lẹ́yìn náà ni a gbọ́ "pẹ́ẹ́" bí ìgbà tí ènìyàn bá fọ́ èékánná. Ó kú. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara ènìyàn.

Nǹkan tí a fi ta ayò ni. Nǹkan tí mo rán mọ́ aṣọ ọmọláńgidi. Kò ní iṣẹ́ kankan àfi lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí iná bá pé, ọjọ́ náà kò sì dé Ìkàtẹ́ rí lójú ayé Bàbá.

A gbé òkú tẹlifíṣọ̀n méjèèjì padà sílé. Bọ̀dá Kàmál jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Bàbá ò mọ̀," ó ní. "Ṣé o gbọ́? Ta ló rí iná tó pé rí níbí? Bàbá ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀, Bọ̀dá."

"Ó tán nìyẹn. A máa dá bọ́tìnnì padà sínú àwọn tuntun. A ò ní pariwo."

"Àwọn tó ti wà nínú ilé àwọn èèyàn ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ha ike tó ti yọ́ kúrò lára Tájù tó jó.

"Akínọ̀ṣọ́ ńkọ́?"

"Ọmọ iṣẹ́ ni, Màríámù. Wọ́n á lù ú díẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Lẹ́kí yìí ò lóǹkà, á rí iṣẹ́." Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Wo ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wa. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Kí la ní? Ilẹ̀ tiwa ti tán, Bàbá fi ra tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù. Tó o bá bà á jẹ́, a ti di ọmọ ẹni tó ń dáná sunlé. Ọmọ rẹ á jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Bàbá tó gbé ọ lé itan kọ́ ọ níṣẹ́!"

Gbogbo ohun tó sọ ló wọ̀ mí lára. N kò mọ ọkùnrin kan tí mo fẹ́ràn tó Bàbá. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ó ní kí n gbé Tájù kan wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì òun, kò tilẹ̀ wò ó, ó kàn ń fetí sí i. Ó ní, "Jákáńdè ń wò ó lọ́wọ́ báyìí." Inú rẹ̀ dùn. Mo ronú nípa ìyẹn, mo wá ronú nípa ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà gan-an, nígbà tí wọ́n bá dá iná tí wọ́n pa lẹ́yìn tí ilé Àǹtí jó padà, tí ilé gbogbo yóò tún tan án tí wọn yóò sì máa pe ara wọn wá wo bó ṣe mọ́.

Mo wọ bàtà mi.

"Màríámù, ibo lò ń lọ?"

Ó tẹ̀ lé mi. Ó tẹ̀ lé mi wọ kẹ̀kẹ́, ó jókòó tì mí, ó sì tẹ̀ lé mi gun àtẹ̀gùn. Ní pálọ̀ aládùúgbò náà, alága ẹ̀sìtéètì ti wà níjòókòó, ọkùnrin arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìntì. Ó wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu Àǹtí Fàúsátù kó tó ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Wọ́n ti mú Akínọ̀ṣọ́ wá. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ṣìmẹ́ńtì, ó sì ti la ẹnu.

"Ẹ dárí jì mí, Àǹtí," ó ní. "Ó lè jẹ́ pé èmi…"

"Akínọ̀ṣọ́, dìde," ni mo wí.

Gbogbo wọn wò mí. Àǹtí Fàúsátù ní, "Ó tún ti dé. Ṣé irun náà ni?" Ó rí ojú mi, ẹ̀rín kúrò lójú tirẹ̀. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Bọ̀dá Kàmál wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ tó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.

"Àǹtí," mo ní, "kì í ṣe Akínọ̀ṣọ́. Wáyà rẹ̀ ò jó. Tẹlifíṣọ̀n tí bàbá mi ṣe ló dáná sun ilé yín, òun ló sì jó ọwọ́ yín. Bàbá mi gé ohun tí kò bá jẹ́ kó jó kúrò nínú rẹ̀, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń gé. Mo ti dán an wò láàárọ̀ yìí, mo fi ojú mi rí i. Èmi á sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹ̀sìtéètì kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹnikẹ́ni má tan án mọ́. N ò ní fi orúkọ bàbá mi pamọ́ sẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ."